Fọ́ọ̀mù Y Combinator: Kí Ló Wà Níbẹ̀ fún Ẹni Tí Wọn Kò Gbà?

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa Y Combinator, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun ní owó àti ìdálẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó rí owó gbà níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín yàtọ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè àyè níbẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ń tẹ̀ lé e àti lẹ́tà tó ń dé nígbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí n sì wádìí bóyá iṣẹ́ náà wúlò fún àwọn tí wọ́n máa dá padà. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù lọ: nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ tó bá béèrè, ọ̀kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń mú. Bí a bá fẹ́ díwọ̀n iṣẹ́ kan lọ́nà tó tọ́, ojú àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lò ó ló yẹ ká fi wò ó.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣàjèjì sí, oṣù kẹta ọdún 2005 ni Paul Graham, Jessica Livingston, Robert Morris àti Trevor Blackwell dá Y Combinator sílẹ̀ ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. San Francisco ni ibùjókòó wọn wà báyìí. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá mú yóò gba 500,000 dọ́là: 125,000 nínú rẹ̀ wà fún ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ilé-iṣẹ́ náà, 375,000 yòókù sì wà lábẹ́ ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní SAFE, tí ìwọ̀n ìpín tó máa mú wá kò ní hàn títí àwọn olùdókòwò mìíràn yóò fi dé. Lẹ́yìn ìdálẹ́kọ̀ọ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n á kó gbogbo wọn síwájú àwọn olówó lọ́jọ́ ìpàtẹ. Ọ̀nà yìí ni Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Shola Akinlade àti Ezra Olubi, gbà wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, Flutterwave sì tẹ̀ lé e ní àárín ọdún kan náà. Nígbà tí Stripe, ilé-iṣẹ́ ìsanwó ti Amẹ́ríkà tí òun náà ti ọwọ́ Y Combinator jáde, wá ra Paystack ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, kò tún sí ọ̀dọ́ kan tó ń kọ kóòdù ní Yábàá tí kò mọ orúkọ Y Combinator mọ́.

Fọ́ọ̀mù náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yìn, nítorí ìyìn tọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì, kò sẹ́ni tó ní kí a mú oníduùró wá, kò sì pọn dandan kí ilé-iṣẹ́ ti ní ìwé ìjọba lọ́wọ́ kí ó tó béèrè. Ẹni tó bá ti jókòó kọ ìwé ètò òwò tó nípọn bí ìwé àdúrà fún báńkì tàbí fún àjọ ìjọba yóò mọ̀ pé ìtura ńlá lèyí jẹ́. Àwọn ìbéèrè náà kúrú, wọ́n sì mú ṣáṣá. Kí lẹ fẹ́ ṣe? Ibo lẹ bá a dé? Ta ló ń kọ kóòdù nínú yín, ṣé ẹni tí kì í ṣe olùdásílẹ̀ bá yín ṣe nínú rẹ̀? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àwọn ènìyàn nílò ohun tí ẹ ń ṣe? Ta ni ẹ ń bá díje, kí lẹ sì mọ̀ nípa òwò yìí tí àwọn yẹn kò mọ̀? Ọ̀nà wo ni owó máa gbà wọlé, èló sì ni ó lè tó?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni èyí tó ní kí olùdásílẹ̀ fi àmì tí kò ju 50 lọ sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Lẹ́tà àti àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ni wọ́n jọ ń kà. Mo jókòó ti ọ̀dọ́kùnrin kan ní Yábàá nígbà tó ń kọ tirẹ̀. Áàpù tó ń bá àwọn tó ń ta ata àti tòmátì wá ọkọ̀ akẹ́rù ló ṣe. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni pé àwọn ń lo ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé láti tún ètò ìpèsè oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà ṣe. Ó gùn jù, fọ́ọ̀mù kò gbà á. Ó yọ “ìgbàlódé” kúrò, ó yọ “ilẹ̀ Áfíríkà” kúrò, ó tún yọ “ìmọ̀ ẹ̀rọ” kúrò, ìgbà náà ló wá hàn sí àwa méjèèjì pé kò sí ohun kankan nínú ìyókù.

Mo bi í pé, “Àbúrò, ta gan-an ló ń pè yín lórí fóònù, kí ni ẹni náà sì máa ń wá?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn aláta ni. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wá.”

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ohun tó kọ níkẹyìn nìyí: ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn oníṣòwò ata ní Mile 12. Àmì kò tó 50. Ẹni tó bá kà á mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó mọ ẹni tó ń ṣe é fún, ó sì mọ ibi tí a ti lè rí wọn. Gbólóhùn yẹn nìkan tó láti san èrè gbogbo wàhálà tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà, nítorí òun ló fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá oníbàárà sọ láti ọjọ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan wà tó ní kí olùdásílẹ̀ sọ ìgbà kan tó fi ọgbọ́n borí ètò kan tí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà fún àǹfààní ara rẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá: wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ògiri kì í dá dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí tọ́ nílé máa ń ṣiyèméjì níbẹ̀, ẹ̀rù á máa bà á pé ìwà àlùmọ̀kọ́rọ́yí ni wọ́n ní kí òun wá jẹ́wọ́. Mo ti rí àwọn tó fo ìbéèrè náà, mo sì ti rí àwọn tó kọ ohun tí kò ní adùn kankan síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ti ka ilé-ẹ̀kọ́ gíga parí láàárín ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbi tí iná kì í dúró, ní ìtàn tó pọ̀ láti sọ.

Fídíò ìṣẹ́jú kan wà pẹ̀lú. Àwọn olùdásílẹ̀ nìkan ni kó hàn nínú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, láìsí orin àti láìka ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ìlànà yìí dára, àmọ́ àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ gbà á gbọ́. Wọ́n á yá kóòtù wọ̀, wọ́n á wá ẹni tó ní kámẹ́rà ńlá, wọ́n á sì há ọ̀rọ̀ sórí bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ka ewì lọ́jọ́ ayẹyẹ. Fóònù ti tó. Kí wọ́n ṣáà jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.

Àwọn tí wọ́n bá pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń ní ìṣẹ́jú 10, lórí fídíò. Ìbéèrè á máa já lu ìbéèrè, kò sí àyè fún àsọtúnsọ. Ohun tó wù mí nínú apá yìí ni pé ẹni tí wọ́n bá dá padà lẹ́yìn rẹ̀ yóò gba lẹ́tà tó sọ ìdí rẹ̀. Ìdí náà lè má tọ́ pátápátá, ó ṣáà jẹ́ ìdí, a sì lè jiyàn rẹ̀ tàbí kí a ṣe àtúnṣe sí i.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti kù díẹ̀ káàtó ni ti àwọn tí wọn kò pè rárá. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn máa ń gbà: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn kò lè mú wọn lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí wọ́n tún gbìyànjú lọ́jọ́ iwájú. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé àwọn tó ń béèrè pọ̀ ju ohun tí àwọn lè dá lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, òótọ́ sì ni. Síbẹ̀, ẹni tí a kò sọ ìdí fún yóò wá ìdí fún ara rẹ̀. Ọ̀kan á ní torí pé Nàìjíríà ni òun ti wá ni, èkejì á ní àwọn ará ilé òun kò sùn, ẹlòmíràn á sì pa iṣẹ́ tó dára tì nígbà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan tí kò yé ẹni tó kà á ni gbogbo ìṣòro rẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ lè máa sọ ìpele tí fọ́ọ̀mù náà dé kí wọ́n tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ púpọ̀.

Ìtàn Reddit ló fi bí ìdí náà ṣe níye lórí tó hàn mí kedere. Ní ọdún 2005, Steve Huffman àti Alexis Ohanian, tí wọ́n ń parí ẹ̀kọ́ wọn ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Virginia, wá sọ́dọ̀ Paul Graham pẹ̀lú ètò kan tí wọ́n pè ní My Mobile Menu, èyí tí ènìyàn máa fi fóònù rẹ̀ béèrè oúnjẹ nílé ìjẹun. Wọ́n dá wọn padà. Lọ́jọ́ kejì, orí ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wà, wọ́n ń lọ sílé, nígbà tí Graham pè wọ́n lórí fóònù pé àwọn nífẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yin méjèèjì, ètò yín ni àwọn kò fẹ́, ẹ wá mú òmíràn wá. Ohun tí wọ́n wá ṣe ní oṣù kẹfà ọdún yẹn ni Reddit, ibi ìjíròrò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìpín rẹ̀ wọ ọjà ìdókòwò ní New York ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ká ní irú lẹ́tà tí àwọn tí wọn kò pè ń gbà lónìí ni wọ́n gbà, wọn ì bá má mọ̀ láéláé pé oúnjẹ orí fóònù ni wọ́n kọ̀, pé wọn kò kọ àwọn fúnra wọn.

Ti Drew Houston ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá gba lẹ́tà náà fi ara balẹ̀ gbọ́. Ètò tó kọ́kọ́ gbé wá jẹ́ ti ìgbaradì fún ìdánwò SAT, èyí tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń ṣe kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Wọn kò gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbàgbé fìláàṣì rẹ̀ sílé nígbà tó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Boston lọ sí New York, kò rí iṣẹ́ ṣe lójú ọ̀nà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù ohun tó di Dropbox, áàpù tó ń tọ́jú fáìlì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí a lè rí i lórí kọ̀ǹpútà yòówù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, ó ṣe fídíò kúkúrú kan, ó sì gbé e síbi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti máa ń pé jọ, níbi tí ó mọ̀ pé Paul Graham náà máa ń wò. Wọ́n rí i. Graham ní kó lọ wá ẹnìkejì kí ó tó padà wá, ó rí Arash Ferdowsi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì MIT tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbà wọ́n wọlé ní àárín ọdún yẹn kan náà. Ní ọdún 2008 ó tún ṣe fídíò mìíràn, àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ láti dúró de áàpù náà sì fò láti 5,000 dé 75,000 láàárín ọjọ́ kan. Oṣù kẹta ọdún 2018 ni ìpín Dropbox wọ ọjà Nasdaq.

Ẹ wo ohun tó wà nínú fídíò àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Houston kò sọ pé wọ́n ti kọ òun rí. Kò sọ ìtàn ìyà. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń fi hàn: fáìlì kan wà níbí, ó gbé e sínú àpótí, ó sì yọ lórí kọ̀ǹpútà kejì. Ẹni tó ti gbé fìláàṣì sápò rí kò nílò àlàyé mìíràn. Mo rán wa létí èyí nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń gbé síta lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé ni lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìmúnilọ́kànle ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn á ní ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á ṣe é, wọ́n á sì kọjá lọ láìmọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà. Ẹ pẹ̀lẹ́ ẹgbẹ̀rún kan kò lè sọ ẹyọ oníbàárà kan di méjì.

SendGrid tún wà, tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn. Y Combinator kò mú wọn, Techstars ní Boulder, ìpínlẹ̀ Colorado, mú wọn ní ọdún 2009, ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 sì ni Twilio, ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kan, kéde pé òun máa rà wọ́n. Bí ọ̀nà kan kò bá lọ, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà wà, fọ́ọ̀mù tí a ti kọ dáadáa sì ń wúlò fún gbogbo wọn.

Ọ̀dọ́kùnrin aláàpù ọkọ̀ akẹ́rù yẹn lo ìdáhùn kan náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú ètò yìí, tí n kò ní dárúkọ, wọn kò sì gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé fóònù rẹ̀, tó lọ sí Mile 12, mo sì tẹ̀ lé e. Ìyá kan jókòó ti àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí.”

Ìyá náà nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó gba fóònù. Áàpù ní kó kọ orúkọ, ó kọ ọ́. Ó ní kó kọ nọ́ńbà, ó kọ ọ́. Nígbà tó ní kó ya àwòrán ara rẹ̀, ó dá fóònù padà.

“Ọmọ mi, èló ni ọkọ̀ yín ń gbà láti ibí dé Ìkòròdú? Bí n kò bá tíì mọ iye rẹ̀, kí ni mò ń ya fọ́tò sílẹ̀ fún?”

Iye owó wà nínú áàpù náà, ojú ewé kẹrin ló wà. Kò sí ìbéèrè kankan nínú fọ́ọ̀mù tó lè tú ìyẹn síta, bó ti wù kó mú ṣáṣá tó. Nígbà tí a tún padà lọ, iye owó ti wà lójú ewé àkọ́kọ́, fọ́tò sì ti di ohun tí wọ́n máa béèrè nígbà tí ọkọ̀ bá ti dé. Ìyá yẹn kan náà ló pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àwọn ohun tó lè dí ará ilé wa lọ́wọ́. Wọ́n ń retí kí olùdásílẹ̀ wà ní San Francisco fún ìgbà ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹni tó bá sì ti dúró lórí ìlà ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pinnu. Owó wọn kì í wọ inú ilé-iṣẹ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà nìkan. Òkèèrè ni ilé-iṣẹ́ àgbà máa ń wà, ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ ìgbà, tí ti ilé yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò á gba owó, oníṣirò á gba owó, ìlú méjì ni a ó sì máa jíhìn owó orí fún. Fún ẹni tí òwò rẹ̀ kò lè tóbi kọjá ìpínlẹ̀ kan tàbí méjì, tí èrè rẹ̀ sì dára bẹ́ẹ̀, ẹrù yìí wúwo ju àǹfààní rẹ̀ lọ, ìdá 7 sì kì í ṣe ohun kékeré.

Lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò mú, ìwé àdéhùn SAFE ni mo kà sí pàtàkì jù. Wọ́n gbé e síta ní ọdún 2013, ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó sì fi bá olùdókòwò tirẹ̀ ṣe àdéhùn. Startup School náà wà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀kọ́ fídíò inú rẹ̀ dára bó tilẹ̀ jẹ́ pé détà kì í ṣe ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n sì ń gba ẹni tó bá tún béèrè: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n mú ló ti béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ohun tí wọ́n sì ń wò nínú fọ́ọ̀mù kejì ni ohun tó ti yí padà láti ìgbà àkọ́kọ́.

Bí mo bá ní kí n fún un ní máàkì, fọ́ọ̀mù náà gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ́wọ́ mi, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gba mẹ́jọ, lẹ́tà àwọn tí wọn kò pè sì gba méjì, méjèèjì nítorí pé ó ń dé. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kí ó kọ fọ́ọ̀mù náà tán, kí ó fi ránṣẹ́, kí ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ tọ àwọn tó máa lò ó lọ lọ́sẹ̀ kan náà, kí ó má dúró de èsì. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń mú ilé-iṣẹ́ lọ́dún báyìí, nítorí náà ẹni tí wọ́n dá padà lónìí ní oṣù díẹ̀ láti fi kó oníbàárà jọ kí ilẹ̀kùn tó tún ṣí.